Èló Ni Owó Tí Ó Dájú?

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ yín bá mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wálé, ẹ má ṣe wo àròpọ̀ owó nìkan. Lamar Jackson ni ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Baltimore Ravens ní Amẹ́ríkà. Kò gba agbẹnusọ. Ìyá rẹ̀ ni ó ń gbà á nímọ̀ràn. Ní 2022, Cleveland ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún pẹ̀lú Deshaun Watson: 230 mílíọ̀nù dọ́là, gbogbo rẹ̀ dájú. Oṣù Kejìlá ọdún náà, orúnkún dá Jackson dúró. Ní 2023, ó gba 260 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n 185 ni ó dájú. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín pé: “Bí o bá fara pa lọ́la ńkọ́, èló ni wọn yóò san?”