Iná inú ọkọ̀ bàbá wa

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tà. Ti ilé tiwa ni Peugeot 404 bâchée tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti gbé àgbàdo, ó ti gbé ìyàwó, ó ti gbé òkú, ó sì ti gbé àwa fúnra wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1960 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 404, òun ni ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀lẹ.

Lóru ọjọ́ kan, ní àkókò òjò, a fi í gbé aboyún kan tí ń rọbí. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ fi kú. Bátírì dára, ẹ̀sáǹsì wà, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n wa ṣí orí Delco lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha vis platinées, ó sì fi páálí sìgá wọn àlàfo rẹ̀. Ó gbà wá tó wákàtí kan. A dé ilé ìgbẹ̀bí, tìyá tọmọ yè. Ṣùgbọ́n igbe tí obìnrin náà ń ké lẹ́yìn ọkọ̀ nínú òkùnkùn kò tíì kúrò létí wa.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wọ ilé wa: ṣé kí a yọ vis platinées, kí a fi allumage électronique rọ́pò rẹ̀? Àwa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní rárá. Kí ẹ lè dá ẹjọ́ náà fúnra yín, ẹ jẹ́ kí a tú u wò.

Kí ni iṣẹ́ vis platinées?

Iná bátírì jẹ́ fọ́ọ̀tì 12 péré. Kò lágbára tó láti fo àlàfo ẹnu bùjí kí ó sì ran ẹ̀sáǹsì. Bobine ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n bí iná bá kàn ń ṣàn gba inú bobine kọjá, kò ní ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí a bá já iná náà lójijì ni agbára òòfà tí ó ti kó jọ yóò wó lulẹ̀, tí iná ńlá yóò sì jáde lọ sí bùjí. Ẹni tí ń já iná náà ni vis platinées: irin kékeré méjì tí wọ́n fẹnu kora, tí igun ọ̀pá tí ń yí nínú Delco sì ń ṣí sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́rin bí 404, bí ẹ̀rọ bá yí ní ìgbà 3 000 ní ìṣẹ́jú kan, vis platinées yóò ṣí, yóò sì tún pa dé, ní ìgbà 6 000.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, ni ó gbé irú ètò yìí kalẹ̀, a sì lò ó nínú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni Dayton Engineering Laboratories Company, tí a ké kúrú sí Delco. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì tí ń sọ Faransé fi ń pe allumeur ní Delco.

Kí ni àìsàn rẹ̀?

Ohun tí ń fara gbá ara kò lè ṣàìjẹ. Èkínní, iná ń jó ojú irin méjèèjì, ó ń dá ihò sí wọn lára. Condensateur ń dín iná yìí kù, kò lè pa á tán. Èkejì, ẹsẹ̀ tí ń fara nu ọ̀pá ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àlàfo tí ó yẹ kí ó tó nǹkan bí 0,4 mm yóò máa dín, iná bùjí yóò sì máa pẹ́ kí ó tó ta. Ọkọ̀ yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò dín, yóò sì máa mu ẹ̀sáǹsì bí omi. Ẹ̀kẹta, bí àlàfo náà bá pa dé tán, iná kò ní já mọ́, ọkọ̀ yóò kú. Ohun tí ó dé bá wa lóru ọjọ́ náà nìyẹn.

Kí ni ohun tuntun náà?

Òrùka òòfà kan ni a ó fi bọ orí ọ̀pá Delco. Ní ipò vis platinées, a ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń mọ ìgbà tí òòfà ń kọjá. Bí òòfà bá ti kọjá, transistor inú ẹ̀rọ náà yóò já iná bobine. Transistor yìí kan náà ni ó wà nínú rédíò kékeré tí àwọn bàbá wa ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Kò sí ohun tí ń fara kan ara, nítorí náà kò sí ohun tí ń jẹ. Ní ọdún 1973, Chrysler ti fi irú iná oní-transistor sí gbogbo ọkọ̀ tí ó ń ṣe ní Amẹ́ríkà.

Kí ni kí a ṣọ́ra fún?

Èkínní, ẹ tú okùn bátírì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má sì ṣi okùn + àti okùn − gbé fún ara wọn: àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè jó ẹ̀rọ náà.

Èkejì, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn résistance bobine, kí ó fi wé ohun tí a kọ sínú ìwé ẹ̀rọ náà. Bobine tí tirẹ̀ kéré jù yóò pa á.

Ẹ̀kẹta, ẹ má lo okùn bùjí tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà lásán. Èyí tí ó ní résistance ni kí ẹ lò, kí ariwo iná má baà da ẹ̀rọ náà rú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá ti fi í sí i tán, ẹ tún àkókò iná wò pẹ̀lú lámpù. Ẹ má sì retí pé yóò wo bùjí tí ó ti kú tàbí carburateur tí ó dọ̀tí sàn.

Ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n wa

Ẹ̀gbọ́n wa wí pé: « Ohun tí mo fojú rí pé ó bàjẹ́, mo lè fọwọ́ tún un ṣe. Àpótí dúdú yẹn, bí ó bá kú, ó kú nìyẹn. Ta ni yóò bá wa jí i nínú igbó? Bàbá wa kò sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa kí a máa gbẹ́ ẹ. » Òótọ́ ni. Vis platinées máa ń kìlọ̀ kí ó tó kú, ẹ̀rọ tuntun kì í sábà kìlọ̀. Owó rẹ̀ náà ju ti vis platinées lọ, ayédèrú sì wà lọ́jà.

Àgbà ni yóò fi ọgbọ́n parí ìjà. A fi ẹ̀rọ tuntun sí i láìgbẹ́ ihò kan sára ọkọ̀. Vis platinées àtijọ́, condensateur rẹ̀ àti ìtúlẹ̀kùn-ìdè kan, a kó wọn sínú agolo wàrà, a sì fi agolo náà sábẹ́ ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí a ti ń dá wọn padà sí ipò. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ń ṣe é ní ìdajì wákàtí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ju ọjà lọ, tí mẹkáníìkì rere sì wà nítòsí rẹ̀, kò sí ohun tí ń lé e. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ará àdúgbò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru nítorí aláìsàn, kí ó rò ó dáadáa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì yí i padà, kí ó má sọ ti àtijọ́ nù.

Òjò méjì ti rọ̀ kọjá lórí ọkọ̀ bàbá wa láti ìgbà náà. Ìyíkọ́kọ́rọ́ kan ni ó fi ń dáhùn. Síbẹ̀, kí a tó gbéra, ẹ̀gbọ́n wa kò tíì dẹ́kun láti máa bi wá pé: « Agolo dà? »