Ọmọ ìyá kan náà, ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí oòrùn àti ibòòji ṣe ń yí ewé Akíntọ́lá padà

Àgbẹ̀ wo ni kò mọ ewé Akíntọ́lá taku, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀? Òun ló máa ń gba oko tí a bá fi sílẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí i lẹ́bàá títì, tó tún bá a pàdé létí igbó, lè búra pé ewé méjì ni. Ọ̀kan náà ni.

Àjèjì ni nílẹ̀ wa. Apá ibi tó móoru ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ gbà pé inú irúgbìn igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló bá wọ Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930.

Ní gbangba, kì í sábà ga ju mítà 3 lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń pọ̀, ewé rẹ̀ á kéré, á sì nípọn kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Lábẹ́ ibòòji, ewé á fẹ̀, á sì fẹ́lẹ́, kí ó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Ọ̀pá rẹ̀ á gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá rí igi fara tì, ó lè gùn ún kọjá mítà 5. Òdòdó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá gé igi tó ṣíji bò ó, ewé tuntun tó bá yọ yóò dà bíi ti ẹ̀bá títì. Èyí fi hàn pé ibùgbé ló fa ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀yà.

Ti South Africa yàtọ̀ sí èyí. Ewé tiwọn ń dán, òdòdó rẹ̀ sì funfun. Tiwa ní irun lára, òdòdó rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ bí àlùkò tó ṣá. Ẹ̀yà ló fa ìyẹn. Bí a tilẹ̀ gbìn wọ́n sójú kan, wọn kò ní jọra.

Kí ni èyí já mọ́ fún àgbẹ̀? Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn láti yé ẹyin sínú ilẹ̀ abẹ́ Akíntọ́lá. Èyí tó sá sábẹ́ ibòòji, tí a kò dá mọ̀, ló máa ń gbèrú lọ́jọ́ tí a bá ṣán igbó.

Nítorí náà, ẹ má wo gíga tàbí fífẹ̀ ewé nìkan. Ẹ wo iṣan 3 tó là láti ìdí ewé bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra á, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í yí padà. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé, nítorí bí ó bá ti tanná, atẹ́gùn ni yóò gbé èso rẹ̀ dé oko aládùúgbò.