Nípa Yíyan Ibùdó fún Ọkọ̀-Ilé ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n ní ọmọ tàbí ẹbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti gbọ́ nípa ọkọ̀-ilé, èyíinì ni mọ́tò ńlá tí ó ní ibùsùn, ààrò, omi àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí ìdílé kan lè yá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì máa gbé e kiri bí ìgbín ti ń gbé ìkarahun rẹ̀. Ohun dáradára ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ bá ṣú ìgbín sí ni í sùn. Ọkọ̀-ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ òpópónà jẹ́ ti àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nìkan láti gbé ọkọ̀ sí, tí ọ̀pá ìdènà sì wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ọkọ̀ gíga má ba à wọlé. Ibùdó ni a ní láti wá fún un, àwa sì ti ṣi ibùdó yàn rí.

Ọ̀rọ̀ Màmá wa ni ó fà á. Ọdún 19 ni kò fi ojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní Thamesmead, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Màmá dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa ní Manchester, a pinnu láti mú un lọ kí i. Yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, àwa sì jẹ́ márùn-ún. Owó ilé ìtura fún ènìyàn márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun tí akọ̀wé lè fi ẹ̀rín sọ. Nítorí náà ni àbúrò wa fi yá ọkọ̀-ilé ní oṣù Keje ọdún 2023.

Owó ibùdó ni a kọ́kọ́ wò, a kò wo ohun mìíràn. A rí pápá àgbẹ̀ kan tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Lójú àwòrán ilẹ̀, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù rárá. Ohun tí àwòrán ilẹ̀ kò sọ ni pé bọ́ọ̀sì abúlé náà kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, àti pé ní ọjọ́ Sátidé, èyí tí ó kẹ́yìn ti kọjá lọ kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní alẹ́ Sátidé tí a kò rí bọ́ọ̀sì. Màmá, ẹni ọdún 76, tí làkúrègbé ń da orúnkún rẹ̀ láàmú, jókòó lórí ògiri kúkurú kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wí pé, “Ṣé èmi náà ni ẹ ń gbé káàkiri bí ẹrù ọjà yìí?” A kò ní ìdáhùn. Owó takisí tí a san ní alẹ́ náà ju gbogbo èyí tí a fi pamọ́ nípa yíyan pápá àgbẹ̀ yẹn lọ. Ní ọjọ́ kejì a kò lè jáde, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Ajé a dá ọkọ̀ padà sí Manchester. Wákàtí mẹ́ta péré ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi rí ara wọn.

Nígbà tí a tún fẹ́ lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìbéèrè mìíràn ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: báwo ni arúgbó yóò ṣe padà sórí ibùsùn rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́? Ibùdó méjì ni ó kù lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìbéèrè yìí.

Èkínní wà ní Sewardstone, ní àfonífojì odò Lee. Adírẹ́sì rẹ̀ ní nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Essex ni ilẹ̀ náà wà, ní òde ààlà Lọ́ńdọ̀nù. Èrè ńlá ni èyí fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, nítorí òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní ULEZ. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìlú ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 wọ́n nà án dé gbogbo ìgbèríko Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí ń lo dísẹ̀lì tí kò bá dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Euro 6 yóò san pọ́ùn 12 àti ààbọ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn nínú ìlú. Bí ọkọ̀-ilé bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, òfin mìíràn ni ó mú un, owó tirẹ̀ sì lè jẹ́ pọ́ùn 100 tàbí 300 ní ọjọ́ kan. Kí ẹni tí ń yá ọkọ̀ bèèrè èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Láti Sewardstone, bọ́ọ̀sì 215 a máa gbé ènìyàn lọ sí Walthamstow, níbi tí yóò ti wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àárín ìlú. Bí kì í bá ṣe ti orúnkún Màmá ni, ibẹ̀ ni à bá lọ. Ṣùgbọ́n ojú irin yẹn jìn nínú ilẹ̀, àwọn ibùdókọ̀ kan lórí rẹ̀, bí Oxford Circus, kò sì ní lífítì tí yóò gbé arúgbó dé òde.

Èkejì ni ti Abbey Wood, ní gúúsù odò Thames, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Caravan and Motorhome Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wọ̀ níbẹ̀, àfi pé yóò san owó lé e. Inú igi ni ó wà, a sì lè rìn láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Òpin ojú irin Elizabeth ni ibùdókọ̀ yìí. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, a sì lè ti ibẹ̀ dé Paddington ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. A lè dé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀ láì gun àtẹ̀gùn. Nítorí pé òpin ojú irin ni, ẹni tí oorun bá gbé lọ nínú ọkọ̀ kò lè kọjá ilé! Thamesmead sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń wá iṣu kò ní rìn jìnnà.

Inú ààlà òfin èéfín ni Abbey Wood wà, èyí sì kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka òfin náà dáadáa, a rí i pé ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ láti òru dé òru kì í san nǹkan kan. Bí ọkọ̀ wa tilẹ̀ ti gbó, ọjọ́ tí a wọlé àti ọjọ́ tí a jáde nìkan ni à bá san. Àmọ́ kí a ṣọ́ra: láti aago méjìlá òru dé aago méjìlá òru ni ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ó sì ń rìn kiri títí di aago kan, ọjọ́ méjì ni yóò san. Ẹni tí ń ti ìhà àríwá bọ̀ lè gba afárá Dartford kọjá odò. Ẹnikẹ́ni kò ní dá a dúró gba owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó san án kí òru ọjọ́ kejì tó pé, kí ìtanràn má ba à tẹ̀lé e dé ilé. Kí ó má sì ṣe sún mọ́ ihò abẹ́ odò ti Rotherhithe rárá. Ọkọ̀ tí ó bá ga ju mítà méjì lọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

A ti gba àyè sílẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó parí, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àyè a máa tán. A bèèrè orí òkúta wẹ́wẹ́ dípò orí koríko. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kì í ṣe eré. Ohun kan tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ata. Àwọn aládùúgbò ní ibùdó súnmọ́ra, nígbà tí ìyàwó wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ata ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, òyìnbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wúkọ́ títí, ó sì fi ọ̀wọ̀ ti fèrèsé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé ẹ̀gbọ́n Màmá ni a ti ń se ọbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò. Ní òwúrọ̀ àwa a máa lọ wo ìlú, Màmá a sì máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di alẹ́. Ní ọjọ́ kẹta àwọn méjèèjì jọ wọ rélùwéè lọ sí Paddington, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbì kan, wọ́n kàn padà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n náà bá wa wá sí ibùdó, ó yẹ ibùsùn wò, ó ṣí omi, ó pa á, ó sì bèèrè lọ́wọ́ àbúrò wa pé èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀.