Fágúnwà, Ìwé àti Ìrìnàjò

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Òkè-Igbó ni olóògbé D. O. Fágúnwà, tí a bí ní ọdún 1903. Orúkọ ìlú rẹ̀ pàápàá ń dárúkọ igbó. Inú igbó ni ó sì rán ọdẹ lọ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Ní ọdún 1948 ó lọ sí Ìlú Ọba. Èdè Yorùbá náà ni ó fi ròyìn àjò rẹ̀ nínú ìwé Ìrìnàjò.

Lónìí, ní Ṣógúnlé àti ní Èkó gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nínú ilé. Ẹ̀yin òbí, bí a kò bá pa àlọ́ fún wọn ní èdè wa, ẹ̀ṣọ́ wo ni wọn yóò kó ròde?