Tọkọtaya Tí Iṣẹ́ Yà Sọ́tọ̀: Ohun Tí Òfin Òkè Òkun Ń Béèrè

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunkà lónìí, a ó bá ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà, a ó sì bá ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìbéèrè tí irú àwọn tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ń gbé tọ àwọn àlùfáà wá kì í sábà yàtọ̀. Bí ènìyàn bá gba físà nítorí ìgbéyàwó, ṣé dandan ni kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ máa sùn sábẹ́ òrùlé kan náà lójoojúmọ́? Bí iṣẹ́ bá gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Ìbẹ̀rù yìí lè mú kí ẹlòmíràn kọ iṣẹ́ rere sílẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ó lè mú kí ó purọ́ nípa àdírẹ́sì rẹ̀, nígbà tí òtítọ́ ìbá ti tó.

Kí ọkọ àti aya má gbé ojú kan náà kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìbàdàn. Àwọn bàbá wa ní ilé nínú ìlú, wọ́n sì ní oko ní ọ̀nà Àkànràn àti níbòmíràn. Nígbà tí kòkó dé, àwọn kan tẹ̀ síwájú dé ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ọkọ a máa gbé ní abà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìyàwó a máa tajà ní Ọjà'ba, wọn a sì pàdé nígbà ọdún, ìsìnkú àti ìnáwó. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá tọkọtaya ni wọ́n, nítorí gbogbo agbo ilé ni ẹlẹ́rìí. Ní òkè òkun, ìwé ni ẹlẹ́rìí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò tí wọ́n wà ní Gánà rí agbára ìwé ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti gbà á tàbí kí wọ́n jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 9 Oṣù Keje 2012 ní kí ọkọ àti aya ti fojú kan ara wọn rí, kí ìgbéyàwó wọn bá òfin mu, kí ó jẹ́ ti òtítọ́, kí ó ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì ní in lọ́kàn láti máa gbé pọ̀ títí lọ ní ilẹ̀ náà. Kò ní dandan kí wọ́n ti jọ gbé rí kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Owó tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ́dún, tí ó jẹ́ £18,600 nígbà náà, di £29,000 ní 11 Oṣù Kẹrin 2024. Ní tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀: òfin tí ó ní kí tọkọtaya gbé pọ̀ náà ni ó ń béèrè owó tí ó ń lé wọn lọ sí iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ ìlú jíjìn.

Ẹni tí ó bá ti ilé wá yóò gba físà oṣù 33, yóò tún un gbà fún oṣù 30, lẹ́yìn ọdún 5 ni ó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà síwájú Home Office, wọn yóò béèrè ẹ̀rí pé òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní físà, tàbí kí ìdí rere wà fún àkókò tí wọn kò fi gbé pọ̀, ìdí tí kò ta ko ìpinnu wọn láti máa gbé pọ̀ títí lọ. Apá kejì gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́. Fún àkókò tí ẹnì kan lò lẹ́yìn ilẹ̀ náà, ìlànà àwọn òṣìṣẹ́ wọn dárúkọ iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìsinmi láàrin àwọn ìdí tí a lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, iyèméjì yóò wọlé.

Nítorí náà, bí ọkọ bá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri, tàbí tí ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí ó jìnnà, tí ó sì ń sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, ilé wọn kò tú. Kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ bí ó ti rí. Kí wọ́n tọ́jú ìwé àdéhùn iṣẹ́, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ìwé owó yàrá tí ó ń sùn sí, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí ó fi ń padà sílé, àti ìwé báńkì tí ó fi hàn pé àpò kan ni wọ́n ń ná. Wọ́n sábà máa ń béèrè lẹ́tà bí i 6 tí ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí àdírẹ́sì kan náà, láti orísun 3 ó kéré tán: báńkì, owó iná, owó ilé, dókítà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi yàrá kejì pamọ́ ni yóò jìyà, nítorí ìwé owó orí àti ti báńkì yóò tú u fó.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1986 ni òfin ibẹ̀ ti ń fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2 ní ìwé ìgbélùú ọdún 2 péré. Láàrin 90 ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, tọkọtaya yóò jọ fọwọ́ sí ìwé I-751, wọn yóò sì fi hàn pé wọn kò torí ìwé nìkan fẹ́ ara wọn. Àṣà wa kan wà tí ó ń kó ìdààmú bá àwọn ènìyàn níbẹ̀: kí a gbé fọ́tò ọkọ sórí àga níbi ìdána, kí a sì ní ìyàwó ti délé ọkọ. Òfin Amẹ́ríkà kò ka irú ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì kò fi ojú kan ara wọn níbẹ̀ sí, àfi bí wọ́n bá ti sùn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya lẹ́yìn náà.

Ó kan àwọn àlùfáà pẹ̀lú. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí ìjọ tí ó ń so tọkọtaya pọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Tọkọtaya yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó fún ọjọ́ 21, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ ìkìlọ̀ náà, láàrin aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí àti ẹlẹ́rìí 2 ó kéré tán. Ìwé ẹ̀rí aláràbarà tí ìjọ kan tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè dípò èyí níwájú aṣojú ìjọba òkè òkun. Bí ẹnì kan bá sì bẹ̀ yín fún lẹ́tà ẹ̀rí, ẹ̀yin àlùfáà, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ má kọ pé ẹ mọ ilé tí ẹ kò dé rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò fẹ́ kí a fi pamọ́. Àwọn obìnrin kan ń fara da lílù nítorí wọ́n rò pé bí àwọn bá kúrò nílé ọkọ, ìwé àwọn bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá físà ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ ilẹ̀ náà wọlé, tí ìwà ipá sì tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, lè béèrè ìwé ìgbélùú títí láé fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lè fi ìwé I-751 ránṣẹ́ láìsí ìfọwọ́sí ọkọ. Àlùfáà tí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá pè lórí fóònù láti òkè òkun, kí ó má ṣe ní kí ó mú sùúrù nítorí ìwé. Kí ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tí ó ní àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ ìwọ̀lú ní ilẹ̀ tí ó wà, ní ọjọ́ náà gan-an.