Àwọn Àmì Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé ní Barking tàbí Dagenham, tí ẹ sì ń bá òbí yín lọ sí Queen's Hospital ní Romford, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin ni ẹ máa ṣe ògbufọ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì yìí: ẹ̀dọ̀fóóró la fi ń mí, ẹ̀dọ̀ wà ní apá ọ̀tún ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì.

Jẹjẹrẹ lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìrora kankan. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń wá àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kòkòrò hepatitis B ló sábà ń fà á. Mẹ́dọ̀wú ni Yorùbá ń pe irú àrùn yìí: mú + ẹ̀dọ̀ + wú. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, kí ó sì wà lára ọmọ náà títí di àgbà láìfara hàn. Májèlé aflatoxin, tó máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó hu nítorí ọ̀rinrin, tún ń dá kún un.

Àmì wo ni wọ́n ń wá?

Èyí tó lókìkí jù ni alpha-fetoprotein, tí wọ́n ń pè ní AFP. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ló ń ṣe é. Lẹ́yìn ìbí, ó máa ń dínkù gan-an. Ní 1963, Garri Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mọ́sìkò rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nínú eku tún ń ṣe é. Ní 1964, Yuri Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó ní àrùn náà.

Ṣùgbọ́n AFP nìkan kò tó. Ó máa ń pọ̀ lára aboyún, mẹ́dọ̀wú náà lè mú un pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ mìíràn kì í mú un pọ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an máa ń ṣe àyẹ̀wò AFP pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ikùn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ètò ìṣirò tí wọ́n ń pè ní GALAD pa àmì mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ orí ẹni, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní Gáḿbíà, ìwádìí tó jáde ní 2000 fi hàn pé DNA tí aflatoxin ti bà jẹ́ ṣeé rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Láti oṣù kẹrin 2022, ní púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka pàjáwìrì ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá ti fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fún hepatitis B pẹ̀lú, àfi ẹni tó bá kọ̀. Ẹ lè béèrè nílé pé: "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún mẹ́dọ̀wú rí?"

Ẹ béèrè nípa ara yín náà. Oṣù kẹjọ 2017 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti gbogbo ọmọ ìkókó ní Ìlú Ọba, nítorí náà ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn lè má tíì gbà á. GP yín lè ṣàlàyé.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò: bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.