Ọ̀mì lórí ọpọ́n: Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nípa ayò

Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ẹni tó bá bá àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí wọn. Yóò ní: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Wọn yóò dáhùn pé: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn."

Ọjọ́ tí ọ̀ta méjì bá pàdé ni ọ̀rọ̀ máa ń le. Ọmọ ayò jẹ́ 48. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24, ọ̀mì ni wọ́n ta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wòran lè máa kùn pé kò sẹ́ni tó borí, ṣùgbọ́n ọ̀mì ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ayò ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ilé 12 ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta lèèyàn tó lè jẹ. Níbẹ̀rẹ̀, ilé tí ọmọ bá bọ́ sí ti di márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ ta kò lè jẹ, ẹni tó tẹ̀ lé e náà kò lè jẹ. Ilé ni wọ́n ń tò, tí wọ́n ń wá odù.

Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ti yunifásítì Vrije ní Amsterdam, orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé awari, tó jẹ́ ìbátan ayò, fún kọ̀ǹpútà. Òfin rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ayò, ṣùgbọ́n ilé 12 àti ọmọ 48 náà ni. Ẹ̀rọ náà yẹ ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889 wò. Èsì rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́.

Eré chess kò tíì ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana du ipò akọni àgbáyé ní London lọ́dún 2018, ẹ̀ẹ̀mejìlá léraléra ni wọ́n ta ọ̀mì, kí Carlsen tó borí nínú eré aláìfàkókòṣòfò.

Ẹni tó bá bá ọ̀ta ta ọ̀mì kò ní ohun ìtìjú. Ohun tó yẹ kó ká àwọn àgbà lára ni àwọn ọmọ tó mọ eré orí fóònù, tí wọn kò mọ ọpọ́n. Kọ̀ǹpútà ti kọ́ tirẹ̀. Ó ku kí bàbá kọ́ ọmọ rẹ̀.